Pentax K1000 tòkunbọ̀ àti lẹ́ńsì Helios: oṣù 10 tí mo ti ń bá wọn yí n'Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Peckham, nílùú London, ló bá mi ra kámẹ́rà yìí, £95, lẹ́ńsì 50mm wà lórí ẹ̀, ó fi rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé, ó wá fi máákà kọ ọ́ sára ọ̀rá tó fi wé e pé "ẹrù Bàbá Àgbà". Orúkọ tí wọ́n ń pè mí nílé nìyẹn látìgbà tí mo ti ní kámẹ́rà onífíìmù ni mo fẹ́. Mi ò bínú o. Èmi náà mọ̀ pé fóònù tó wà lápò mi máa ya fọ́tò 500 kí n tó ya 36 tó wà nínú róòlù fíìmù kan, ọ̀fẹ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún yín, torí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nǹkan yìí lórí YouTube, ìlú òyìnbó ni wọ́n wà, fíìmù wà nítòsí ilé wọn, omi ẹ̀rọ wọn tutù, kò sì sẹ́ni tó wọ agbádá léèsì funfun dúró níwájú wọn lọ́sàn-án gangan.

Pentax K1000 lorúkọ ẹ̀. 1976 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, wọn ò ṣíwọ́ ṣíṣe é títí di 1997, ó lé ní mílíọ̀nù 3 tí wọ́n ṣe. Japan ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé iṣẹ́ náà lọ Hong Kong, wọ́n tún gbé e lọ China, tèmi, Hong Kong ni wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń fẹ́ ti Japan jù torí wọ́n fi ike rọ́pò irin níbi mélòó kan lára àwọn tó dé kẹ́yìn. Ó wúwo. Láìtíì fi lẹ́ńsì sí i ó ti lé ní 600 gíráàmù, ẹ gbé e kọ́rùn lọ òde ìgbéyàwó látàárọ̀ dalẹ́, ọrùn yín máa ròyìn fún yín.

Ohun tí mo fẹ́ràn lára ẹ̀ ni pé kò mọ nǹkan kan ṣe. Kò lè wá fókọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀, kò lè yan sípíìdì, kò sí táímà tí ẹ lè fi ya ara yín, ẹ̀yin lẹ máa yí gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́. Èyí tó wà lókè ni sípíìdì, láti sẹ́kọ́ńdì 1 dé 1/1000, ẹ̀gbà ọrùn lẹ́ńsì ló ń ṣí ojú lẹ́ńsì tó tún ń pa á dé, ẹ yọjú wo inú ihò ẹ̀, ẹ máa rí abẹ́rẹ́ kékeré kan lápá ọ̀tún tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, tó ń lọ sókè sódò bíi ti sìkéèlì, tó bá ti dúró láàárín, ẹ tẹ̀ ẹ́. Gbàgà! Kì í ṣe ohùn jẹ́jẹ́ rárá, nínú ṣọ́ọ̀ṣì àlúfáà máa yíjú wò yín.

Bátìrì bíńtín kan ló wà lábẹ́ ẹ̀, LR44, irú èyí tó ń wà nínú kálíkúlẹ́tọ̀ àti ohun ìṣeré ọmọdé. Abẹ́rẹ́ yẹn nìkan ló ń bọ́. Tí bátìrì bá kú, kámẹ́rà ò kú, gbogbo sípíìdì ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ torí irin àti sípíríǹgì ni gbogbo inú ẹ̀. Àléébù ibẹ̀ ni pé kò síbi tí wọ́n ti ń pa mítà abẹ́rẹ́ yẹn, tí ẹ bá ti fi ìdérí bo lẹ́ńsì ó sùn nìyẹn, tí ẹ bá gbàgbé ìdérí sílé, bátìrì ń lọ díẹ̀díẹ̀. Mo ti pa mẹ́ta báyìí.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Onífọ́tò, wọ́n ní sítúdíò nígbà kan rí kí fóònù tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo gbé e lọ han Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó sà. Wọ́n gbà á, wọn ò tiẹ̀ yọjú wo abẹ́rẹ́ tí mo ń tò kalẹ̀ yìí, ojú ọ̀run ni wọ́n wò.

"Fíìmù wo ló wà nínú ẹ̀?"

"400 ni sà."

"Oòrùn báyìí? 16, 500. Tó o bá bọ́ sábẹ́ igi, ṣí i. Tí ọyẹ́ bá dé, 11. Kí lo fẹ́ fi abẹ́rẹ́ ṣe?"

Nígbà tí mo délé ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òfin táwọn onífíìmù káàkiri ayé ń lò nìyẹn, tí oòrùn bá mú, ẹ fi ojú lẹ́ńsì sí f/16 (bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe tóbi tó ni ojú lẹ́ńsì ṣe ń kéré tó), kí sípíìdì jẹ́ ìdá kan nínú nọ́ńbà tó wà lára fíìmù, èyí tó ń sọ bó ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ sí, kò sí 400 lórí K1000, 500 ló sún mọ́ ọn jù. Orí ni Bàbá fi gbé e fún ogójì ọdún.

Abẹ́rẹ́ yẹn gan-an sì máa ń parọ́. Gbogbo nǹkan tó bá rí, ó gbà pé àwọ̀ eérú ni. Ẹ wá lọ kojú ẹ̀ sí ọkọ ìyàwó tó wọ léèsì funfun báláú nínú oòrùn, á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ẹ pa á dé, ẹ gbọ́ tiẹ̀, léèsì á di eérú, ojú ọkọ ìyàwó á di èédú. Òdì kejì ẹ̀ náà wà, ẹni dúdú níwájú ilẹ̀kùn dúdú, á ní kí ẹ ṣí i sí i, ojú á wá funfun bí ẹni tó kun àtíkè. Koríko tútù tí oòrùn kan náà ń ràn sí ni mo máa ń kojú ẹ̀ sí báyìí, mo gba nọ́ńbà ibẹ̀, mo yí padà sọ́dọ̀ èèyàn, mo ya. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara wa àti kámẹ́rà ò bẹ̀rẹ̀ lónìí náà ṣá, ṣebí fún ọ̀pọ̀ ọdún, káàdì tí wọ́n fi ń ṣètò àwọ̀ láwọn ilé ìfọfọ́tò, obìnrin òyìnbó ló wà lórí ẹ̀, Shirley ni wọ́n ń pè é. Ìdí kan nìyẹn tí mo fi ń lo fíìmù dúdú àti funfun jù, Ilford HP5 lorúkọ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ èyí tó dùn mí jù. Màmá Mọ̀kọ́lá, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ṣe ọjọ́ìbí 70 ọdún. Èmi ni mo ní kí wọ́n má dààmú lórí fọ́tò. Mo ya wọ́n níbi tí wọ́n ti ń gé kéèkì, mo ya wọ́n níbi tí àwọn ọmọ ti ń lẹ owó mọ́ wọn lórí, mo ya àwọn ẹgbẹ́ wọn láti ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́sẹẹsẹ, nọ́ńbà dé 36, kò dúró, mo tún fà á, ó jẹ́, inú mi ń dùn pé wọ́n fún mi lénì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo fíìmù rí ti ń káwọ́ lérí báyìí. Fíìmù ò gbá ẹnu ibi tí wọ́n fi kọ́ ọ mú látìbẹ̀rẹ̀, ó jókòó jẹ́jẹ́ sínú agolo ẹ̀, gbogbo gbàgà gbàgà tí mo ń gbọ́ látàárọ̀, afẹ́fẹ́ ni mo ń yà. Ẹ wo bọ́tìnnì róbótó tó wà lápá òsì lókè, èyí tí wọ́n fi ń ká fíìmù padà, bí ẹ bá ṣe ń fa fíìmù ni òun náà gbọ́dọ̀ máa yí, tí kò bá yí, ẹ dúró, ẹ má ya nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Bàbá Onífọ́tò ní àwọn rò pé mo mọ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà mo lọ bẹ Màmá ní Mọ̀kọ́lá, mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ jẹ́ kí n tún yín yà. Wọ́n jókòó ní báràńdà, wọ́n ń ṣa ẹ̀gúsí. Fóònù ni mo kọ́kọ́ yọ kí n lè wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe rí, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè, wọ́n kàn ń ṣa ẹ̀gúsí wọn lọ, wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀ owó iná. Bí mo ṣe wá gbé K1000 jáde nínú báàgì báyìí, wọ́n gbé àtẹ ẹ̀gúsí sílẹ̀. "Háà, kámẹ́rà gidi nìyẹn. Dúró ná." Wọ́n wọlé. Ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n jáde pẹ̀lú ìró àti bùbá òfì, gèlè, ìlẹ̀kẹ̀ iyùn lọ́rùn, wọ́n ní kí n gbé àga onígi wá, kì í ṣe ti ike, wọ́n jókòó, wọ́n ya ẹsẹ̀ díẹ̀ kí ìró lè tẹ́ dáadáa, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé orúnkún, wọ́n kọjú sí mi gbọn-in. Kò sẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀ mà."

Wọ́n ní, "Ta ni mo fẹ́ rín sí?"

Mo ya mẹ́rin. Kò sí ìkankan tí wọ́n ti mira níbẹ̀.

Bí ìyá wọn ṣe jókòó nínú fọ́tò tó wà lára ògiri pálọ̀ nìyẹn gẹ́lẹ́. Kì í sì í ṣe ìdílé wa nìkan, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan tó wá ṣèwádìí lọ́dọ̀ àwọn onífọ́tò Yorùbá, Ìlá Ọ̀ràngún wà lára ibi tó dé, kọ ọ́ síta ní 1978 pé ìjókòó yìí ni ti àgbà nínú fọ́tò wa, kí ojú kọjú síwájú, kí ọwọ́ wà lórí ẹsẹ̀, kí aṣọ tẹ́. Òun náà ló kọ nípa fọ́tò ìbejì, pé tí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti lọ, onífọ́tò á ya èyí tó kù, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀méjì sórí pépà kan náà kí àwọn méjèèjì lè jókòó pọ̀, tó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ náà, wọ́n á yà á, wọ́n á tún wọ ti obìnrin fún un. Kò sí Photoshop o, nẹ́gátíìfù, ìyẹn fíìmù tí wọ́n ti fọ̀, àti yàrá òkùnkùn ni.

Gbogbo ayé ló ń sọ pé fíìmù máa ń jẹ́ kí ẹni tó ń ya fọ́tò fara balẹ̀. Lọ́dọ̀ tèmi, ẹni tí mò ń yà ló ń fara balẹ̀. Mo ti gbìyànjú ẹ̀ lára àwọn àgbà bíi mẹ́wàá báyìí, bákan náà ni. Àwọn ọmọ òde òní ńkọ́? Wọ́n á sáré wá ẹ̀yìn kámẹ́rà, "ẹ jẹ́ n rí i", wọ́n á bá páálí dúdú níbẹ̀, wọ́n á wò mí bí ẹni tó jí wọn lówó.

Ó yá, ọ̀rọ̀ lẹ́ńsì. Èyí tó bá a wá, SMC Pentax-M 50mm f/2, kò sẹ́ni tó ń yìn ín torí òun ló rọjú jù láàárín ẹgbẹ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi sí 5.6, ẹ máa ka irun ìpéǹpéjú. Mi ò ní ẹjọ́ kankan bá a rò.

Helios 44-2 ni ẹjọ́ wà. 58mm f/2, àwọn ará Soviet ló ṣe é, lẹ́ńsì Biotar tí Zeiss, ilé iṣẹ́ Jámánì, ń ṣe ní Jena ni wọ́n wò kọ́ ọ, ó máa ń wà lórí kámẹ́rà Zenit tiwọn, ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ nílẹ̀ bíi yanrìn, £35 ni wọ́n bá mi rà á. Ohun táwọn èèyàn tìtorí ẹ̀ ń rà á ni pé tí ẹ bá ṣí i dé f/2, ẹ̀yìn fọ́tò máa ń pòòyì, ewé àti ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ láàárín wọn á máa yí po èèyàn tó dúró láàárín bí ẹni pé òyì ń kọ́ ayé. Ó dára lójú lóòótọ́. Sony A6000 ọwọ́ mi, kámẹ́rà dígítà, ni mo kọ́kọ́ fi í sí pẹ̀lú àdáptà, ẹ̀gbà tó ń so lẹ́ńsì àjèjì mọ́ kámẹ́rà, kò yà, mo tẹ̀ ẹ́ títí, mo ti fẹ́ dá àdáptà padà kí n tó mọ̀ pé ńṣe ni Sony rò pé kò sí lẹ́ńsì lórí òun, inú mẹ́ńù lẹ máa wọ̀ lọ sọ fún un pé kó yà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo tún rí i pé òyì tí mo tìtorí ẹ̀ rà á ò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀, sẹ́ńsọ̀ Sony yẹn, ohun tó ń gba àwòrán dípò fíìmù, kéré sí fíìmù, ó gé etí àwòrán kúrò, etí yẹn ni òyì wà. 58mm wá ń ṣe bíi lẹ́ńsì 87mm, ó dáa fún ojú èèyàn, ṣùgbọ́n lẹ́ńsì tó dáa fún ojú èèyàn pọ̀ nílẹ̀.

Orí K1000 ni òyì yẹn ti jáde. Ẹ̀gbà kan wà tí ẹ lè fi so ó mọ́ ọn, kí ẹ ra èyí tí Pentax fúnra wọn ṣe, tó ń wọlé pátápátá sínú ẹnu kámẹ́rà, torí èyí tó ní etí tí mo kọ́kọ́ rà l'ọ́jà, ó ti lẹ́ńsì jìnnà síwájú, gbogbo nǹkan ọ̀ọ́kán ló rí bàìbàì, mo kojú ẹ̀ sí Gbọ̀ngàn Mápó, Mápó di kùrukùru. Wàhálà kejì ni oòrùn wa. Fíìmù 400 nínú oòrùn ọ̀sán, K1000 ò lè sáré ju 1/1000 lọ, f/11 ni ìyẹn ń fẹ́, níbo lẹ fẹ́ ti rí f/2? Abẹ́ igi máńgòrò, tàbí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ibẹ̀ nìkan ni òyì yẹn ti ń ṣeé yà. Tí oòrùn bá sì kojú sí i, gbogbo fọ́tò á funfun bí ẹni pé ọyẹ́ bò ó, àwọn kan fẹ́ràn ẹ̀, èmi ò fẹ́ràn ẹ̀.

Owó ńkọ́. Kámẹ́rà kọ́ ló wọ́n o, fíìmù ni. Róòlù HP5 tí mo rà kẹ́yìn, nígbà tó fi dé ọwọ́ mi ó ti jẹ́ ₦18,000, mo fi ₦10,000 fọ̀ ọ́ tí wọ́n sì fi sìkáànù ẹ̀ ránṣẹ́, ẹ pín in sí 36, ó lé ní ₦770 fún ẹyọ kan. Tí ẹni tí mò ń yà bá pajú, ₦770 ti wọgbó nìyẹn.

Ilé ìfọfíìmù tí mo lò yẹn, l'Ékòó ni, mi ò ní dárúkọ wọn, sìkáànù tí wọ́n fi ránṣẹ́ dáa, mo ní nẹ́gátíìfù mi dà, wọ́n ní "ẹ fẹ́ ẹ ni?" Wọ́n ti dà á nù! Nẹ́gátíìfù! Ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ tèmi nínú gbogbo owó tí mo ná. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé balùwẹ̀ mi ni mo ti máa fọ fíìmù mi láti ìsinsìnyí lọ.

Kò le tó bí ẹ ṣe rò, dúdú àti funfun ni mò ń sọ. Omi ni ìṣòro. Kẹ́míkà ID-11 tí mò ń lò, ìṣẹ́jú 7 àbọ̀ ni fún HP5 tí omi bá wà ní 20 dígírì, omi táńkì wa nínú oṣù kẹta ń sún mọ́ 30, tí ẹ bá fi irú ẹ̀ fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, fíìmù á jóná. Píọ̀ wọ́tà ni mò ń lò, mo kó bíi mẹ́fà sínú fíríìjì mọ́jú, mo tò wọ́n yí ìgò kẹ́míkà ká nínú báfù, mo ti tẹ̀mómítà bọ inú ẹ̀, mo ń wò ó tó ń bọ̀ wálẹ̀, 27, 24, 21, bó bá ti kan 20 báyìí mo dà á. Lẹ́yìn ìyẹn mo máa ń sá fíìmù sórí okùn inú balùwẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ẹ̀gì aṣọ, nígbà ọyẹ́ mo kọ́kọ́ ń da omi gbígbóná sílẹ̀ kí ooru ẹ̀ lè mú eruku wálẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo eruku Ìbàdàn á lẹ̀ mọ́ ojú Màmá Mọ̀kọ́lá. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín mi, Sony yẹn ni mo tún ń fi ya nẹ́gátíìfù kí n lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà.

Tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ fi sípíìdì sí sẹ́kọ́ńdì 1, ẹ ṣí ẹ̀yìn, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wò bóyá ó ń ṣí ó ń pa geere. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì gba inú lẹ́ńsì, tí ẹ bá rí nǹkan bí òwú aláǹtakùn, èbu ti hù níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé eruku ni, ọ̀rinrin ilẹ̀ wa á jẹ́ kó máa gbilẹ̀ ni. Fóòmù dúdú tó wà létí ìdérí ẹ̀yìn, tèmi ti yọ́ bí ọ̀dà nígbà tó dé, róòlù àwọ̀ tí mo kọ́kọ́ fi dán an wò ní ìlà pupa gàdàgbà gba àárín gbogbo fọ́tò kọjá. Mo fi pínsẹ́ẹ̀tì àti sípíríìtì ha á kúrò, mo gé fóòmù tuntun lẹ̀ ẹ́, ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo ni.

Ẹnì kan bi mí pé kí ló dé tí mi ò dúró ra Pentax 17, tuntun tí wọ́n ṣe ní 2024. Fọ́tò 72 lèèyàn ń rí nínú fíìmù 36 tiẹ̀ torí ìdajì ìdajì ló ń yà, ìyẹn á dín owó fíìmù kù fún mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n nǹkan bíi $500 ni wọ́n ń tà á nígbà tó jáde, èèyàn sì lè ra K1000 mẹ́rin níbẹ̀. Tó bá tún bàjẹ́, Bàbá Onífọ́tò ò ní lè bá mi tú u.

K1000, mo fún un ní 8 nínú 10, méjì tí mo yọ, ti ọrùn tó ń dùn mí àti bátìrì mẹ́ta. Helios, 6, tí ẹ bá ní kámẹ́rà onífíìmù, tàbí dígítà tí sẹ́ńsọ̀ ẹ̀ tóbi tó fíìmù. Lórí Sony kékeré bíi tèmi, 4, ẹ fi owó yín ra róòlù fíìmù mẹ́ta.

Mo tẹ ọ̀kan nínú mẹ́rin Màmá jáde, ńlá, mo gbé e lọ fún wọn. Wọ́n fi gíláàsì sójú, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n ní gèlè yẹn ì bá tún ga díẹ̀ sí i. Wọ́n wá yí ẹ̀yìn ẹ̀ padà, wọ́n ń wá nǹkan kan.

"Òǹtẹ̀ dà?"

Mo ní òǹtẹ̀ wo mà. Wọ́n ní òǹtẹ̀ onífọ́tò ni, orúkọ sítúdíò àti déètì, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ẹni tó yà á àti ìgbà tó yà á. Mo lọ sí Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, mo ní kí wọ́n gé òǹtẹ̀ kan fún mi. Wọ́n bi mí pé orúkọ wo ni kí wọ́n kọ sí i. Bàbá Àgbà ni mo ní kí wọ́n kọ.